Ẹnjinníà Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ẹnjinníà Òkè Ilẹ̀: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Jù Nípa Ètò Pápá Epo

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ epo, àtàwọn tó ṣì wà ní yunifásítì, máa ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí léraléra. A kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ta ni ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀, ta sì ni ẹnjinníà òkè ilẹ̀?

Ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ ni ẹni tí àwọn iléeṣẹ́ epo ń pè ní reservoir engineer. Òun ló ń ṣírò iye epo àti gáàsì tó wà nínú àpáta, bí yóò ṣe máa ṣàn wá sínú kànga, iye kànga tí a ó gbẹ́, àti iye tí a ó rí kó jáde kí pápá náà tó tán. Kò lè fojú rí ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀, àyẹ̀wò òkúta àti epo, àti àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí seismic (ìró tí wọ́n rán sínú ilẹ̀ tó sì padà wá) gbé jáde ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹnjinníà òkè ilẹ̀, ìyẹn facilities engineer, ló ni ohun gbogbo láti ẹnu kànga lọ: páìpù, manifold tó ń kó ohun inú kànga púpọ̀ pọ̀, separator tó ń ya epo, gáàsì àti omi sọ́tọ̀, compressor tó ń fún gáàsì pọ̀, pọ́ǹpù, táńkì, títí dé ibi tí ọkọ̀ ti ń wá gbé epo lọ. Ẹni kìíní ń sọ ohun tó máa jáde, ẹni kejì ń kọ́ ohun tó máa gbà á.

Kí ni field development plan, ta ló sì ń fọwọ́ sí i ní Nàìjíríà?

Ìwé ètò ni, tó sọ bí a ṣe fẹ́ gbé epo inú pápá kan jáde: iye tó wà níbẹ̀, kànga mélòó, ohun èlò wo, ìgbà wo, èló, kí la sì fẹ́ fi gáàsì ṣe. Lábẹ́ òfin epo rọ̀bì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìyẹn Petroleum Industry Act, àjọ NUPRC, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wíwá epo àti gbígbé e jáde, ni iléeṣẹ́ máa ń gbé ìwé náà lọ bá fún ìfọwọ́sí.

Orí abẹ́ ilẹ̀ wà nínú ìwé náà, orí òkè ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á dáadáa máa tètè mọ̀ bóyá àwọn tó kọ orí méjèèjì bára wọn sọ̀rọ̀. Bí gáàsì inú orí kan bá ju agbára compressor inú orí kejì lọ, tí kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà, wọn kò sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìgbà wo ló yẹ kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀?

Kí wọ́n tó yan irú ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Tí wọ́n bá ti fẹnu kò pé FPSO ni, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń gba epo lójú òkun, tó ń ṣètò rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, tí wọ́n sì ti pinnu iye kànga àti ọ̀nà tí páìpù máa gbà, ohun tó kù tí ènìyàn lè yí padà láìfi owó ṣòfò kò pọ̀ mọ́.

Ẹ wo Egina, pápá epo kan nínú omi jíjìn Nàìjíríà. Ọdún 2003 ni wọ́n rí epo níbẹ̀, ọdún 2013 ni wọ́n fọwọ́ sí ìnáwó rẹ̀, epo àkọ́kọ́ sì jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn, orí bébà àti kọ̀ǹpútà ni ètò ohun èlò wà, àtúnṣe kò sì ju kí a tún ìṣirò ṣe. Láàárín ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń gé irin. Wọ́n kọ́ ara ọkọ̀ náà ní Kòríà, wọ́n sì so módù mẹ́fà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà mọ́ ọn ní Èkó. Ẹni tó bá wá sọ nígbà náà pé gáàsì máa pọ̀ ju bí òun ṣe ṣírò rẹ̀ lọ ti pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ.

Kí ni ẹnjinníà òkè nílò lọ́wọ́ ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀?

Iye epo, gáàsì àti omi tó máa jáde lọ́dọọdún títí tí pápá fi máa tán. Prẹ́ṣọ̀ àti ìgbóná ní ẹnu kànga, àti bí méjèèjì ṣe máa yí padà bí ọdún ti ń lọ. Ohun tó wà nínú epo náà: ṣé ó ní ọ̀dà (wax) tó máa ń dì nígbà tó bá tutù, ṣé CO2 tàbí H2S, tó máa ń jẹ irin, wà nínú gáàsì, báwo ni iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó? Iye omi tàbí gáàsì tí a fẹ́ máa tì padà sínú ilẹ̀ láti gbé prẹ́ṣọ̀ àpáta ró, àti prẹ́ṣọ̀ tí a fẹ́ fi tì í.

Àyẹ̀wò epo yìí ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Bí irin páìpù yóò ṣe pẹ́ tó wà lọ́wọ́ CO2 àti H2S tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí wọn kò bá gba epo tó dára wá fún àyẹ̀wò nígbà tí kànga àkọ́kọ́ wà ní ṣíṣí, ẹnjinníà òkè á yan irin olówó gọbọi nítorí ẹ̀rù, tàbí kó yan èyí tí kò wọ́n kó máa gbàdúrà. Kí ó lọ bá ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga náà, kó sọ irú àyẹ̀wò tí òun fẹ́.

Ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́, kí lòun nílò?

Ìhà yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ó nílò prẹ́ṣọ̀ tó kéré jù tí separator lè gbà, iye omi àti gáàsì tí ohun èlò lè gbé lójúmọ́, iye ọjọ́ nínú ọdún tí ohun èlò máa wà níṣẹ́, ìgbà tí pọ́ǹpù omi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti iye kànga tí a lè ṣí láàárín oṣù kan.

Bí kò bá rí nǹkan wọ̀nyí gbà, yóò fi èrò ara rẹ̀ dí i. Àwòṣe abẹ́ ilẹ̀ tó ṣe sórí kọ̀ǹpútà á máa ṣàn bí ẹni pé òkè ilẹ̀ kò ní ààlà. Mo ti rí àwòṣe tó tì omi sínú ilẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, nígbà tí ètò iṣẹ́ òkè fi hàn pé pọ́ǹpù náà kò ní dé kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Prẹ́ṣọ̀ àpáta á ti wálẹ̀ kí omi tó débẹ̀, gáàsì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nínú epo, iye epo tí a lè rí kó á sì dínkù.

Ṣé ìlà ìgbéjáde kan ṣoṣo kò tó fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ohun èlò?

Kò tó. Ìlà ìgbéjáde ni àwòrán iye tó máa jáde lọ́dọọdún. Ìlà kan jẹ́ èrò kan nípa abẹ́ ilẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ sì máa ń ju èrò kan lọ. Ó kéré tán, kí ẹnjinníà òkè gba mẹ́ta: èyí tó kéré, èyí tó wà láàárín, èyí tó pọ̀, pẹ̀lú àlàyé ohun tó mú kí wọ́n yàtọ̀.

Epo, gáàsì àti omi kì í dé góńgó lọ́dún kan náà. Epo máa ń kọ́kọ́ pọ̀ jù, omi máa ń pọ̀ ní ìgbẹ̀yìn, gáàsì sì lè wà láàárín tàbí kó bẹ́ lójijì. Ẹni tó bá kó góńgó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ pọ̀ láti fi yan ìwọ̀n ohun èlò máa kọ́ ohun tó tóbi ju pápá lọ. Ìlà tó kéré náà sì ní ìwúlò tirẹ̀. Compressor tí a yàn fún gáàsì púpọ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí gáàsì bá kéré, àwọn ọdún ìgbẹ̀yìn sì gùn ju ọdún góńgó lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni abẹ́ ilẹ̀ ló ń pinnu bí ọkọ̀ orí omi ṣe máa rí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi Bonga àti Agbami wéra. Méjèèjì wà nínú omi jíjìn ní Nàìjíríà. Bonga bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, Agbami ní oṣù Keje ọdún 2008. Wọ́n kọ́ FPSO Bonga láti gba àgbá epo 225,000 lójúmọ́, ti Agbami láti gba 250,000. Ìyàtọ̀ epo kò tó nǹkan. Ní ti gáàsì, Bonga lè gbé mílíọ̀nù 150 scf (standard cubic foot, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka gáàsì) lójúmọ́, Agbami sì lè gbé mílíọ̀nù 450, ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ètò Bonga gba nǹkan bí 670 scf gáàsì sórí àgbá epo kan, ti Agbami gba 1,800. Epo inú àpáta wọn kò rí bákan náà, ohun tí wọ́n fẹ́ fi gáàsì ṣe náà kò rí bákan náà. Ní Agbami, wọ́n ń ti ọ̀pọ̀ gáàsì padà sínú àpáta láti gbé prẹ́ṣọ̀ ró. Ní Bonga, omi ni wọ́n ń tì wọlé, gáàsì sì ń gba páìpù lọ sí Bonny fún NLNG, iléeṣẹ́ tó ń sọ gáàsì di olómi. Ìpinnu nípa abẹ́ ilẹ̀ ni, compressor, agbára iná àti ìwúwo ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí pọ́ǹpù omi fi ń kéré jù nígbà tí pápá bá ti dàgbà?

Nítorí pé àwọn kan rò pé omi tí a ń tì wọlé máa dínkù bí epo bá ń dínkù. Òdìkejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pápá kan ń gbé àgbá epo 100,000 jáde lójúmọ́, kò tíì sí omi níbẹ̀. Àgbá epo kan lókè gba ààyè àgbá 1.3 nínú àpáta, nítorí gáàsì tó wà nínú rẹ̀ kò tíì jáde. Láti dí ààyè tó ṣófo, a nílò omi àgbá 130,000. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun tó ń jáde di 150,000 lápapọ̀, omi sì jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Epo ti di 60,000, omi di 90,000. Ààyè tí epo fi sílẹ̀ jẹ́ 78,000. Ẹ fi 90,000 ti omi kún un, ó di 168,000. Epo ti wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, omi tí a nílò sì ti fi nǹkan bí ìdá 29 gòkè.

Tí ẹnjinníà òkè bá yan pọ́ǹpù fún 130,000 nítorí pé ọdún góńgó epo nìkan ni wọ́n fi hàn án, àpáta máa bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù prẹ́ṣọ̀ ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù. Ìlà omi tí à ń tì wọlé yẹ kó wà lórí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú ìlà epo.

Gáàsì ńkọ́? Ṣé a kò lè kàn sun ún?

Òfin Nàìjíríà ti ń lòdì sí i láti ìgbà pípẹ́. Òfin ọdún 1979 ló kọ́kọ́ sọ pé kí iléeṣẹ́ máa ti gáàsì padà sínú ilẹ̀, ó sì ka sísun ún láìgba àṣẹ léèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1984. Ìlànà ọdún 2018 gbé owó ìtanràn lọ sí dọ́là méjì lórí ẹgbẹ̀rún scf kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ń gbé àgbá 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde lójúmọ́. Mílíọ̀nù 10 scf tí a bá sun lójúmọ́ jẹ́ dọ́là 20,000 lójúmọ́. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ iná yẹn sì ń san tiwọn nínú èémí wọn, èyí tí kò sí nínú ìṣirò wa, tó sì yẹ kó máa dùn wá.

Nítorí náà, compressor ló máa ń jẹ́ ààlà tòótọ́ fún epo. Tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù 100 scf, tí àgbá epo kan ń mú 800 scf wá, epo 100,000 rọrùn láti gbà. Tí gáàsì bá wá di 2,000 lórí àgbá kan, epo kò lè ju 50,000 lọ, bí kànga tilẹ̀ lè fún wa ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Nígbà náà, kànga wo la máa kọ́kọ́ tì? Èyí tí gáàsì rẹ̀ pọ̀ jù lórí àgbá kan ni. Ẹni tó mọ kànga àti ẹni tó mọ compressor ló gbọ́dọ̀ jọ kọ bí a ó ṣe máa ti àwọn kànga náà tẹ̀léra.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń jà lórí prẹ́ṣọ̀ separator?

Nítorí pé ìkọ̀ọ̀kan ń san owó rẹ̀ ní ibi tó yàtọ̀. Tí prẹ́ṣọ̀ separator bá wálẹ̀, kànga máa ṣàn sí i, á sì pẹ́ kó tó kú. Kànga tí productivity index rẹ̀ jẹ́ 10, ìyẹn àgbá 10 lójúmọ́ fún psi (ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀) kọ̀ọ̀kan, á fi àgbá 1,000 kún ti ojoojúmọ́ tí prẹ́ṣọ̀ ìsàlẹ̀ kànga bá fi 100 psi dínkù. Ṣùgbọ́n compressor tó ń gbé gáàsì láti 20 bar (ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀ mìíràn) dé 100 bar ń sọ prẹ́ṣọ̀ náà di ìlọ́po márùn-ún. Tó bá jẹ́ láti 10 bar, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ẹ̀rọ á tóbi, iná á pọ̀, ọkọ̀ á wúwo.

Ìdáhùn tó sábà dára jù ni kí prẹ́ṣọ̀ separator ga ní ìbẹ̀rẹ̀ tí àpáta ṣì lágbára, kí ó sì wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí gba pé kí a ti fi ààyè sílẹ̀ fún compressor kejì láti ọjọ́ tí a ti ń yàwòrán.

Yanrìn inú kànga, ta ló ni ín?

Àwọn méjèèjì. Àpáta Niger Delta rọ̀, yanrìn rẹ̀ kò dì mọ́ra dáadáa, ó sì máa ń bá epo jáde. Ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ fẹ́ ṣí choke, ìyẹn ohun tó ń dín ìṣàn kànga kù, kí epo pọ̀. Yanrìn tó ń sáré á bẹ̀rẹ̀ sí í gé igun páìpù, á sì kún ìdí separator. Kí wọ́n fẹnu kò sórí ìwọ̀n tí a ó máa fi ṣí kànga díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró yanrìn sí ẹnu kànga.

Ṣé omi òkun kò dára tó láti tì sínú àpáta?

Ó pọ̀, ó sì wà nítòsí, ṣùgbọ́n sulphate wà nínú rẹ̀. Tó bá pàdé barium inú omi àpáta, barium sulphate á dì sínú kànga àti páìpù bí òkúta, kò sì rọrùn láti yọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan náà máa ń jẹ sulphate yìí, wọ́n á sì máa ṣe H2S nínú pápá tí kò ní in tẹ́lẹ̀.

Ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ iye barium tó wà nínú omi àpáta kí wọ́n tó pinnu bóyá kí a ra ẹ̀rọ tó ń yọ sulphate. Ẹ̀rọ náà wọ́n, ó sì wúwo.

Kí ni omi jíjìn fi yàtọ̀?

Òtútù. Ìsàlẹ̀ òkun tó jìn ju mítà 1,000 lọ tutù tó nǹkan bí 4°C. Gáàsì àti omi lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ ńlá nínú òtútù bẹ́ẹ̀ máa ń di hydrate, ohun kan bíi yìnyín tó lè dí páìpù pa. Ọ̀dà inú epo náà á máa lẹ̀ mọ́ ara páìpù.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ fẹ́ ti kànga fún ọjọ́ mélòó kan kó lè wọn bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń gòkè padà. Lójú ẹnjinníà òkè, wákàtí díẹ̀ ni páìpù ní kó tó tutù jù, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ da oògùn sí i tàbí kó fi epo tí kò ní gáàsì rọ́pò ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ wà nínú ètò ìbẹ̀rẹ̀: ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ sí ìsàlẹ̀ kànga kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí ohun èlò bá ṣèèṣì dúró, àyẹ̀wò ti ṣe ara rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé abẹ́ ilẹ̀ lè ba ohun èlò òkè jẹ́ lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ tán?

Ekofisk ní Norway ni kí ẹ lọ kà nípa rẹ̀. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní ọdún 1971. Àpáta rẹ̀ jẹ́ ẹfun, bí prẹ́ṣọ̀ ṣe ń wálẹ̀ ni ẹfun náà ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ òkun sì ń rì tẹ̀ lé e. Ọdún 1984 ni wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní 1987, wọ́n gbé àwọn pèpéle irin sókè pẹ̀lú mítà mẹ́fà kí ìgbì òkun má baà gbá wọn.

Wọ́n ń ti omi wọlé láti dá prẹ́ṣọ̀ padà, síbẹ̀ rírì náà ń bá a lọ fún ọdún púpọ̀, nítorí omi fúnra rẹ̀ máa ń sọ ẹfun di aláìlágbára. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ohun èlò tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998. Bí àpáta yóò ṣe fún pọ̀ tó jẹ́ ìbéèrè tó kan gíga pèpéle.

A fẹ́ so pápá tuntun mọ́ FPSO tó ti wà. Ṣé èyí kò rọrùn jù?

Ó dín owó kù, àmọ́ ìjíròrò tó ń fẹ́ pọ̀ sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí ìnáwó Bonga North, tí yóò so mọ́ FPSO Bonga: kànga 16, mẹ́jọ fún epo, mẹ́jọ fún omi, pẹ̀lú góńgó àgbá 110,000 lójúmọ́. Akpo West náà so mọ́ FPSO Akpo, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024.

Ààyè tó ṣẹ́kù lórí ọkọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ààyè epo lè wà, kí ti omi má sí, nítorí àwọn kànga àtijọ́ ti ń mú omi púpọ̀ wá. Nítorí náà, ìlà ìgbéjáde pápá àtijọ́ ṣe pàtàkì tó ti tuntun. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ti àtijọ́ kì í sábà wà nínú yàrá ìpàdé. Ẹ pè wọ́n, onílé ló mọ ibi tí ilé òun ti ń jò.

Tí pápá bá kéré, ṣé ìjókòó pọ̀ yìí ṣì pọn dandan?

Ó tún pọn dandan jù. Aje, tó wà lójú òkun ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 pẹ̀lú kànga méjì àti FPSO tí wọ́n háyà. Ọkọ̀ tí a háyà ti ní ìwọ̀n ohun èlò tirẹ̀ kó tó dé. Abẹ́ ilẹ̀ ló máa wá bá òkè mu níbẹ̀, kànga kan tó bá kùnà lórí méjì sì jẹ́ ìdajì ètò.

Ṣé àwòṣe kọ̀ǹpútà tó so àpáta, kànga àti ohun èlò pọ̀ lè rọ́pò ìjókòó?

Rárá. Ó wúlò gan-an, torí ó máa ń fi hàn pé kànga kan ń dí èkejì lọ́wọ́ nínú páìpù kan náà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń tẹ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Mo fara mọ́ àwòṣe kékeré tí àwọn méjèèjì lóye ju èyí tó tóbi tó jẹ́ pé ẹnì kan péré ló lè ṣí i.

Nọ́ńbà ọjọ́ iṣẹ́ ohun èlò, ta ló yẹ kó yọ ọ́ kúrò nínú ìlà epo?

Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún torí ó mọ̀ pé ohun èlò máa ń dúró. Ẹnjinníà òkè gba ìlà náà, ó tún yọ ìdá 10. Ohun tó kù jẹ́ ìdá 81, kì í ṣe 90. Lórí àgbá 100,000, àgbá 9,000 ti sọnù lójúmọ́ lórí bébà, ètò tó dára sì lè kú nítorí rẹ̀. Kọ ọ́ sí orí ìlà kọ̀ọ̀kan gbangba: èyí jẹ́ agbára kànga, tàbí èyí jẹ́ ohun tí a retí lẹ́yìn ìdádúró.

Tí wọ́n bá yarí fún ara wọn, ta ló máa dá ẹjọ́?

Ọ̀gá tó ni ètò náà ló máa ṣe ìpinnu, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé ìjà lásán lọ bá a. Kí wọ́n gbé iye owó ìkọ̀ọ̀kan lọ: tí gáàsì bá pọ̀ bí abẹ́ ilẹ̀ ti sọ, tí a kò sì ra compressor tó tó, èló la máa pàdánù? Tí kò bá pọ̀, tí a sì ti ra á, èló ló ṣòfò?

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n béèrè èló ló máa ná wa láti mọ òtítọ́. Kànga àyẹ̀wò kan nínú omi jíjìn máa ń jẹ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, nígbà mìíràn ó sì tọ́ kí a ná an. Tí kò bá tọ́, kí ẹnjinníà òkè fi ààyè àti ìpìlẹ̀ tó lè gbé ìwúwo compressor kejì sílẹ̀ lórí ọkọ̀, pẹ̀lú ẹnu páìpù tí a ti dí, kí ẹnjinníà abẹ́ ilẹ̀ sì kọ ìwọ̀n gáàsì tí wọ́n bá rí tí wọ́n á fi rà á, àti oṣù tí wọ́n máa wò ó. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé náà, kí wọ́n fi déètì sí i.